Ẹ̀tàn Ni 3000 Watt Tí Wọ́n Kọ Sára Páálí Yẹn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí yóò bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn tó ń ta home cinéma lọ́jà, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọ̀kan wọlé tí wọ́n ṣì ń pe àdúgbò wá wò ó. Kí wọ́n bínú. Ohun tí kò dáa ni pé kí àwọn èèyàn wa máa kó owó oṣù mẹ́ta, owó àjọ, owó tí wọ́n rí lórí àgbàdo àti kajú, lọ san fún nọ́mbà tí ẹnì kan tẹ̀ sára páálí, kí àwa tí a ka ìwé díẹ̀ sì máa wò wọ́n níran.

Mo sọ ọ́ ní gbangba: nọ́mbà yẹn kì í ṣe òótọ́. Home cinéma tí wọ́n kọ 3000 watt sí lára, tàbí 5000, tàbí 12000, tí wọ́n ń tà pẹ̀lú baffle kéékèèké márùn-ún onírọ́bà àti caisson kan, kò ní agbára tí wọ́n ní ó ní, kò sì lè ní in láé. Kì í ṣe èrò ọkàn mi ni mò ń sọ. Ara ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n kọ ẹ̀rí rẹ̀ sí.

Ẹ yí i padà. Lẹ́yìn rẹ̀, nítòsí ibi tí wáyà iná ti wọlé, ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ eèrà. Wọ́n kọ 220 volt síbẹ̀, wọ́n kọ 50 Hz, wọ́n wá kọ iye watt tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Ẹ lè bá 45 níbẹ̀, ẹ lè bá 60, bó bá pọ̀ díẹ̀ ẹ lè bá 90. Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí ọmọ CM1 lè ṣe. Ẹ̀rọ tó ń gba 60 watt láti ara ògiri, báwo ni yóò ṣe máa fún baffle ní 3000? Níbo ló ti rí 2940 tó kù? Ẹni tó pọn igbá omi kan nínú kànga kò lè fi kún àádọ́ta igbá. Lóòótọ́, ẹ̀rọ lè kó iná díẹ̀ pamọ́ sínú, kó sì tú u jáde lójijì nígbà tí ìlù bá dún gbì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ju ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kódà 60 tó gbà yẹn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ baffle. Apá kan ń di ooru, ìdí nìyẹn tí orí ampli fi máa ń gbóná.

Níbo wá ni 3000 ti wá? Wọ́n ń pè é ní PMPO. Kò sí ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo ayé fi ń wọ̀n ọ́n, olúkúlùkù ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan lè mú ohun tí ẹ̀rọ lè tú jáde fún ìṣẹ́jú bíńtín, kó fi iye baffle sọ ọ́ di púpọ̀, kó tún fi nǹkan kún un kí ó lè ju ti ilé-iṣẹ́ kejì lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ máa bèèrè ni RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé lọ títí, láìdúró, láìjẹ́ pé ohùn rẹ̀ ń fọ́. Ní Amẹ́ríkà, irú irọ́ yìí ti pọ̀ débi pé ní ọdún 1974, ìjọba wọn gbé òfin kalẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ polówó ampli gbọ́dọ̀ sọ agbára tó lè gbé láìdáwọ́ dúró, kó sì sọ bí òun ṣe wọ̀n ọ́n. 1974! Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a kò tíì bí nígbà náà. Lónìí, páálí PMPO ṣì ń wọ ọjà wa, kò sí ẹni tó ń bi í pé níbo ló ń lọ.

Mi ò ní fi àwọn ampli gidi sílẹ̀ láìbá wọn wí. Àwọn tó ní orúkọ, Yamaha, Denon, Onkyo, Sony, Pioneer, kì í pa irú irọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn, ṣùgbọ́n nínú ọ̀wọ́ wọn náà ẹ ó máa rí ọgbọ́n kékeré. Iwájú páálí lè sọ pé 150 watt fún ọ̀nà ohùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ohun tó tẹ̀ lé e: 6 ohm, 1 kHz, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, ìbàjẹ́ ohùn 10%. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n mú ẹ̀rọ tó yẹ kó gbé baffle márùn-ún, wọ́n gbé ẹyọ kan lé e lórí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ títí ohùn fi ń fọ́ kí wọ́n tó ka nọ́mbà. Nínú ìwé ìlò ẹ̀rọ kan náà, ẹ lè bá 80 watt, 8 ohm, láti 20 Hz dé 20 kHz, ọ̀nà méjì pa pọ̀, ìbàjẹ́ 0,08%. Nọ́mbà kékeré yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí ẹ bá ń fi ampli méjì wéra, ìlà yìí ni kí ẹ fi wé ìlà yìí, kì í ṣe lẹ́tà gàgàrà tó wà níwájú.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí òun ló ń pa àwọn tó ń lé watt kiri. Bí ẹ bá sọ watt di ìlọ́po méjì, bí àpẹẹrẹ láti 50 sí 100, dB mẹ́ta péré ni ohùn fi lọ sókè. Etí yín á mọ̀ pé nǹkan yí padà díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, watt gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà ẹni tó san owó gọbọi láti kúrò ní 80 watt bọ́ sí 100, kò ra nǹkan kan. Baffle ló yẹ kó wò. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn baffle gidi: 87 dB, tàbí 90 dB, fún watt kan ní mítà kan. Baffle onídB 90 ń fi ìdajì iná tí oní-87 ń jẹ kọ orin tó lọ sókè bákan náà. Ìyàtọ̀ tí ẹ fẹ́ lọ fi owó ampli rà, ara baffle ló wà.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ ó sọ. «Olùkọ́, ó ń dún! Bí mo bá tan tèmi, fèrèsé ń gbọ̀n!» Bẹ́ẹ̀ ni, fèrèsé ń gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà jókòó sí àga, ẹ ti fíìmù bọ inú rẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí yóò bèèrè pé «kí ló wí?» Wọ́n á ní etí ìyá ti di. Etí ìyá kọ́. Baffle kéékèèké yẹn kò lè gbé ohùn tó wà nísàlẹ̀, ẹnu wọn kéré jù, nítorí náà wọ́n ju gbogbo ìsàlẹ̀ náà sí caisson tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé, títí kan apá kan lára ohùn ọkùnrin. Ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ nínú télé, ìdajì ohùn rẹ̀ ń jáde lábẹ́ àga, tí caisson náà sì ń fi dùm-dùm kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fún èdè tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yàtọ̀ síra nípa ohùn nìkan, àìdáa ńlá nìyẹn. Ẹ wo fíìmù bíi Saworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, níbi tí ìlù fúnra rẹ̀ wà láàárín ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi home cinéma páálí gbọ́ ọ, ariwo awọ lẹ ó gbọ́, ohun tí ìlù sọ kò ní dé etí yín.

Àwọn kejì á ní ọ̀nà márùn-ún ló jẹ́ kí àwọn rà á, àní surround. Ó dára. Ẹ sọ fún mi ohun tí ẹ ń wò. VCD tí fíìmù Yorùbá fi wọ ilé gbogbo wa, ọ̀nà ohùn méjì péré ni ìlànà rẹ̀ gbà, ọ̀tún àti òsì. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ẹ ń wò lórí YouTube lónìí, méjì náà ni. Ìròyìn, bọ́ọ̀lù tí a ń wò lórí télé, orin inú fóònù, méjì. Àwọn tó ní ọ̀nà márùn-ún àti caisson, tí wọ́n ń pè ní 5.1, ni DVD fíìmù òyìnbó gidi, Blu-ray, àti ọ̀pọ̀ fíìmù lórí Netflix. Bí ẹ bá ń wo ìyẹn lójoojúmọ́, kò sí ìjà láàárín wa, ẹ ra márùn-ún. Ṣùgbọ́n ilé tí fíìmù Yorùbá, ìsìn àti bọ́ọ̀lù ti ń gba wákàtí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kí ni baffle ẹ̀yìn ń ṣe níbẹ̀? Alákàn ń lò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí ilé tí ọmọdé fi ọ̀kan ṣe góòlù.

Ohun tí mò ń bá yín jà fún nìyí: ẹ ra baffle méjì tó dára, bó bá ṣeé ṣe kí ẹ fi ẹ̀kẹta kún un fún àárín, kí ẹ sì ra ampli tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ títí owó míì á fi dé. Ampli home cinéma gidi kò ní bínú pé ẹ kò so márùn-ún mọ́ ọn, ẹ ó sọ fún un nínú ètò rẹ̀ pé méjì ni mo ní, tàbí mẹ́ta, á sì pín gbogbo ohùn sáàárín wọn láìsọ ọ̀rọ̀ kan nù. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ lè fi méjì ẹ̀yìn kún un. Home cinéma páálí ńkọ́? Bí ó bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ lẹ ó kó dà nù, nítorí ẹnu wáyà rẹ̀ kì í sábà bá baffle ẹlòmíràn mu.

Ẹ ní owó kò sí. Ẹ̀yin tí ẹ san 150.000 sẹ́fà fún páálí ni ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù tó ti Yúróòpù wá, ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí HDMI dé, àwọn òyìnbó gbé ọ̀pọ̀ ampli tó ṣì lágbára sílẹ̀ torí pé kò ní ihò HDMI. Kò di dandan kí ó ní in. Bí télé yín bá ní ihò optique, tí ampli náà sì ní tirẹ̀, wáyà kékeré oníná pupa yẹn lè gbé 5.1 Dolby Digital kọjá láìsí wàhálà. Bí ó bá ní HDMI, ẹ wo ihò tí wọ́n kọ ARC sí, lára ampli àti lára télé méjèèjì. Ihò yẹn gan-an ni kí ẹ fi wáyà sí, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tan ARC nínú ètò télé. Ẹni tí kò bá ṣe ìyẹn ni yóò máa pariwo pé ampli kò dún.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ gbé e. Ampli gidi máa ń wúwo, kílò mẹ́jọ, kílò mẹ́wàá, nítorí irin àti bàbà tó wà nínú transfo rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tàn án fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì. Ẹ gbọ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ yí bọ́tìnì ohùn lọ sókè sódò, bó bá ń ha gàràgàrà, ẹ yọ ọ́ nínú owó. Ẹ bèèrè télécommande rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ampli wà tí ẹ kò lè dé inú ètò wọn láìsí òun. Ẹ bèèrè micro kékeré tó bá a wá.

Kí ẹ sì ka volt rẹ̀! Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà fetí sí dáadáa. Iná tiwọn jẹ́ 120 volt, 60 Hz. Ti Japan jẹ́ 100 volt. Tiwa jẹ́ 220. Ampli tí ọmọ yín fi ìfẹ́ rà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, bí ẹ bá fi àdápítà kékeré tó kàn ń yí ojú ihò padà kì í bọ ògiri, kò ní gbé ìṣẹ́jú kan. Èéfín ni ẹ ó rí. Àdápítà kì í sọ 220 di 120. Transfo ló ń ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ tó agbára tí wọ́n kọ sẹ́yìn ampli, kó tilẹ̀ jù ú lọ dáadáa. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé kó fi owó ránṣẹ́, ẹ ó ra oní-220 nílé.

Ó ku bí a ṣe ń tò ó. Níbí ni mo ti máa ń fẹ́ sunkún. Mo wọ pálọ̀ àwọn èèyàn, mo rí baffle márààrún tí wọ́n kó jọ sábẹ́ télé bí ọmọ ilé-ìwé tó tò fún àsíá. Òmíràn gbé méjì sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kọ ojú wọn sí àjà. Òmíràn fi òdòdó onírọ́bà dí baffle àárín lẹ́nu, baffle tó jẹ́ pé òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré! Lẹ́yìn náà wọ́n á ní Dolby kò dáa.

Ẹ jókòó sí àga tí ẹ máa ń jókòó sí. Ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún iwájú yín ni ti baffle méjì àkọ́kọ́, kí jíjìn àwọn méjèèjì síra wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó jíjìn yín sí wọn. Bí mítà mẹ́ta bá wà láàárín yín àti wọn, ẹ jẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta láàárín àwọn náà. Ohùn tẹẹrẹ wọn gbọ́dọ̀ wà ní déédéé etí ẹni tó jókòó. Ti àárín wà lábẹ́ télé tàbí lókè rẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ sí yín, kí nǹkan kan má dí i. Bí ẹ bá ní ti ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ yín ni ààyè wọn, kó fà sẹ́yìn díẹ̀, kó ga ju orí lọ díẹ̀. Caisson, ẹ má ti í mọ́ igun ilé pátápátá, igun ló ń sọ ọ́ di ìlù egúngún. Ẹ sún un díẹ̀díẹ̀, ẹ máa gbọ́, ibi tí dùm-dùm bá ti dínkù tí ìlù sì ń dún ketekete, ibẹ̀ ni kó wà.

Wáyà: pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, láti ara ampli dé ara baffle. Bí ẹ bá yí ti ẹyọ kan padà, kò ní jóná, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì á máa fà á sẹ́yìn, ohùn ìsàlẹ̀ á sì sá lọ. Ẹ rí i pé irun wáyà kan kò yọ jáde fi kan èkejì, ìyẹn lè pa ampli.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti ohm, torí pé ó ti sun ampli púpọ̀ nílùú wa. Ohm ni bí baffle ṣe ń dí iná lọ́nà. Ẹ rò ó bí ẹnu páìpù omi: bí ohm bá ṣe ń kéré, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu páìpù ń fẹ̀, tí omi ń tú jáde nínú ampli. Baffle 8 ohm kan wà lórí ihò kan, ó dáa. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ dé, ẹ lọ yá méjì míì, ẹ so wọn mọ́ ihò kan náà kí àlejò ìta lè gbọ́. Méjì onípò mẹ́jọ lórí ihò kan ti di 4 ohm. Mẹ́ta kò tó 3. Ampli tí wọ́n kọ «6 à 16 ohms» sí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti ń bẹ̀ ẹ́ kó tú ju ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Bó bá ní ọgbọ́n, á kọ PROTECT sójú, á pa ara rẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ ó gbọ́ òórùn. Ayẹyẹ ìta ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ háyà rẹ̀.

Nínú ètò, ohun mẹ́ta péré ni. Ẹ fi micro rẹ̀ wọ̀n ilé, bó bá ní in: ẹ gbé e síbi tí orí yín máa ń wà, ẹ pa fáànù, ẹ lé àwọn ọmọ síta, kí ẹ jẹ́ kó fọn fèrè rẹ̀ tán. Ti Yamaha ń jẹ́ YPAO, ti Denon ń jẹ́ Audyssey, ti Pioneer ń jẹ́ MCACC, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń wo bí baffle kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó, wọ́n sì ń mú kí ohùn gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá ní micro, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí ẹ tẹ mítà rẹ̀ wọlé fúnra yín. Èkejì, bí ẹ bá ní caisson, ẹ kọ baffle yòókù sílẹ̀ ní «petit», kí ẹ fi ibi tí wọ́n ti pínyà sí 80 Hz. Ẹ̀kẹta, ẹ gbé ohùn baffle àárín sókè díẹ̀, dB méjì tàbí mẹ́ta. Ìyá àgbà kò ní bèèrè «kí ló wí» mọ́.

Bí ilé bá ṣì ń dún bí inú àgbá, ampli kọ́. Carreaux nílẹ̀, símẹ́ńtì lára ògiri, fèrèsé onígíláàsì láìní aṣọ: ibẹ̀ ni ohùn ti ń fò kiri. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láàárín yín àti télé, ẹ fi aṣọ tó nípọn kọ́ fèrèsé. Ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni, ó sì ń ṣe ohun tí ẹgbàágbèje watt kò lè ṣe.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí ampli sílẹ̀. Mo mọ̀ pé aṣọ tí ẹ hun yẹn rẹwà. Ihò tó wà lórí ẹ̀rọ, imú rẹ̀ ni. Bí ẹ bá bo imú rẹ̀, ooru á pa á. Kí àlàfo tó tó ìbú ọwọ́ wà lókè rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbẹ́ eruku kúrò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára iná. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń ga tó ń rẹlẹ̀, ẹ fi régulateur sí i. Bí òjò bá ṣú tí àrá ń sán, ẹ yọ wáyà lára ògiri, ẹ yọ ti àńtẹ́nà pẹ̀lú. Régulateur kò lè dá àrá dúró.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Mo kọ́ watt àti ohm ní èdè Faransé, ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi kò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan nínú. Ìwé ìlò tó wà nínú páálí máa ń ní èdè mẹ́wàá, tiwa kì í sí níbẹ̀. Bàbá tó fi kajú rà á, ẹni tó wá tò ó fún un ń fi Faransé pò ó lórí, «impédance» lọ́tùn-ún, «surround» lósì, bàbá ń mi orí, ó ń sanwó. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn ti ń rí ọ̀nà wọlé. Kò sí nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí tí a kò lè fi Yorùbá ṣàlàyé fún bàbá yẹn lójú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tà á, mi ò ní kí ẹ má jẹun. Ẹ máa ta ọjà yín. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti yí ẹ̀rọ padà tó ń ka ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá bi yín pé RMS rẹ̀ ńkọ́, ẹ má fi ohùn sókè dá a lóhùn. Ẹ mú bírò, ẹ kọ ọ́ sára páálí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 3000 yẹn, kí gbogbo ọjà kà á.